Ijó Sọ́ọ̀lù Lóko Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sọ́ọ̀lù àti fọ́ǹkì ṣe dé oko Ìbàdàn, bátìrì ni kó kọ́kọ́ béèrè. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, iná mànàmáná ò tíì dé ọ̀pọ̀ abúlé tó wà ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Wáyà iná a máa gba etí títì kọjá lọ síbòmíràn, àwọn ará oko a sì máa wò ó lókè. Inú rédíò alábátìrì àti chénjà kékeré ni orin ti ń jáde sí wọn létí. Chénjà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó ń yí àwo orin. Èyí tó kéré jù nínú wọn ní ìdérí tí báfù rẹ̀ wà nínú ẹ̀, bátìrì ńláńlá bíi mélòó kan ló sì ń gbé e ṣiṣẹ́. Bí agbára bátìrì bá ti ń tán lọ, àwo á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ohùn akọrin á wá wúwo bí ohùn ẹni tí oorun ń kùn. Wọn a yọ bátìrì jáde, wọn a tò ó sójú oòrùn lórí páànù, wọn a sì fi í síbẹ̀ títí tó fi máa gbóná dáadáa. Tó bá dalẹ́, àwo kan tàbí méjì á tún dún já geere kó tó di pé ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ẹni tó ní chénjà kì í pọ̀. Ní abúlé bí Ọlọ́runṣògo, orúkọ tí kì í ṣe abúlé kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ẹ létí Ìbàdàn, ó lè jẹ́ tíṣà kan, ó lè jẹ́ ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọmọ oko kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì nígboro tó ń wálé lópin ọ̀sẹ̀. Iwájú ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èwe ń kóra jọ sí. Ọ̀pọ̀ wọn mọ ohùn James Brown, olórin sọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó fojú kan Èkó.

Kí chénjà tó dé, rédíò ti la ọ̀nà sílẹ̀. Rédífú, àpótí tí wọ́n ń fi wáyà fà wọlé, ti wà n'Íbàdàn láti ọdún 1939, òun làwọn èèyàn sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ṣùgbọ́n wáyà rédífú ò kúrò nígboro. Rédíò kékeré tó ń lo bátìrì ló gbé ohùn wọ inú igbó kòkó. Ìjọba Awólọ́wọ̀ dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, rédíò WNBS sì tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Rédíò yìí ò pààlà sáàárín orin. Bí Háruná Ìṣọ̀lá bá ti sọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, ó lè jẹ́ Otis Redding ló máa gbà á lẹ́nu ẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbé rédíò kọ́ igi kòkó lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta ń gbọ́ àwọn méjèèjì, ó sì ń sán igbó rẹ̀ lọ.

Owó tún wá dé. Àwọn abúlé yìí kan náà ló jà ní 1968 àti 1969 nígbà Àgbẹ̀kọ̀yà, nítorí owó orí tó wọ àgbẹ̀ lọ́rùn. Tafá Adéoyè, ará Àkànrán, wà lára àwọn aṣáájú ìjà náà. Nígbà tí ìjọba gbà nígbẹ̀yìn, owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Lẹ́yìn èyí, owó epo rọ̀bì gba ìlú, kòkó náà sì gbówó lórí lọ́jà àgbáyé, tó fi jẹ́ pé ní 1977, iye tí wọ́n ń rà á kọjá èyí tí ẹnikẹ́ni rí rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975 ni Udoji jáde. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ ti ní kí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, wọ́n wá ka àfikún náà láti oṣù Kẹrin 1974, wọ́n san gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tí tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ò gbà pọ̀ rí láyé ẹ̀ ló bọ́ sí i lọ́wọ́ yẹn. Àwọn kan ra alùpùpù, àwọn mìíràn fẹ́yàwó, àìmọye wọn ló sì ra chénjà.

Tíṣà ló sábà máa ń gbé orin tuntun wá. Tó bá di ọ̀sán Jímọ̀, á wọ bọ́lẹkájà lọ sígboro, á ya Dùgbẹ̀ tàbí Ògúnpa, níbi táwọn olùtà àwo ń fi báfù síwájú ṣọ́ọ̀bù tí orin ń dún láti òwúrọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni yóò padà dé pẹ̀lú àwo méjì tàbí mẹ́ta tó fi aṣọ wé kó má baà họ.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn fọ́ǹkì ní Nàìjíríà, Fẹlá àti Èkó ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Fẹlá yẹ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà tí wọ́n jẹ Ìbàdàn nínú ìtàn yìí. Ìlú yìí ni wọ́n ti gbé sọ́ọ̀lù lé ìlù Yorùbá ṣáájú kí Fẹlá tó dárúkọ Áfúróbíìtì, ẹni tó sì ṣe é ni Orlando Julius Ekemode.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí Orlando sí ní 1943. Ìyá rẹ̀ a máa kọrin, a sì máa jó lóde àríyá, ọmọ náà ni í lùlù tẹ̀lé e. Ní 1957, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, ó gbọ̀nà Ìbàdàn lọ wá orin. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ jùjú àti kónkóma lùlù. Ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lórin n'Íbàdàn nígbà náà, wọ́n ń pèsè fèrè àti ìlù fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ló ti fọwọ́ kan sakisofóònù. Ó bá ẹgbẹ́ háíláìfù Eddy Okonta ṣiṣẹ́, kó tó dá Modern Aces tirẹ̀ sílẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì Independence n'Íbàdàn ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Ní 1965, àwo rẹ̀ “Jagua Nana” gba ìgboro kan.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni “Super Afro Soul” jáde lábẹ́ iléeṣẹ́ Philips. Ẹni tó bá mọ bí ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ṣe rí ní 1966 á mọ̀ pé kì í ṣe ọdún àríyá. Èéfín wẹ́tìẹ̀, ìjà òṣèlú tí wọ́n fi ń dáná sun ilé àti èèyàn, ò tíì tán nílẹ̀. Oṣù Kìíní ni wọ́n pa Akíntọ́lá, olórí ìjọba ìwọ̀-oòrùn, n'Íbàdàn. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Keje, wọ́n mú olórí orílẹ̀-èdè, Aguiyi-Ironsi, àti Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun ìwọ̀-oòrùn, kúrò nílé ìjọba n'Íbàdàn, wọ́n pa wọ́n lójú ọ̀nà Lálúpọn, ní ilẹ̀ Lágelú gan-an. Ọdún yìí náà ni àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n wọnú ilé ìgbohùnsílẹ̀, tí wọ́n kọ “My Girl” ti The Temptations, tí wọ́n sì fi orin mìíràn sí i tí wọ́n pè ní “Ijó Soul”. Joni Haastrup, ọmọ Iléṣà, wà lára àwọn tó kọrin nínú àwo náà.

Ohun tí Orlando ṣe rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Nínú háíláìfù tí gbogbo èèyàn mọ̀, fèrè ló ń ṣáájú, ìlù a máa rọra tẹ̀lé e, tọkọtaya a sì máa jó pọ̀ ní mẹ̀lọ́mẹ̀lọ́. Sọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Ìlù ibẹ̀ le, báàsì ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, olórin sì ń kígbe bí ẹni pé nǹkan ń jó o nínú. Orlando mú igbe yẹn àti báàsì yẹn, ó gbé e lé ìlù ilé, ó wá fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Alùlù Yorùbá mọ irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ìyáàlù a sọ, omele a gbà á, kò sẹ́ni tó máa dúró de ẹnì kejì. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ àwọn ará oko fi tètè mọ ijó náà. Wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn.

Láàárín ìgbà yẹn, Geraldo Pino gbé ẹgbẹ́ rẹ̀, The Heartbeats, wá láti Sàró. Ẹ̀rọ tuntun tó ń dán ni wọ́n kó wá, wọ́n ń kọ orin James Brown, àwọn ọ̀dọ́ Èkó sì ya lé wọn lórí. Fẹlá fúnra rẹ̀ gbà pé dídé Pino mi òun. Ó lọ Amẹ́ríkà ní 1969, ó pàdé Sandra Smith, obìnrin tó là á lójú sí ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Los Angeles, ó padà wálé ní 1970 pẹ̀lú èrò mìíràn lórí, nígbà tó sì di 1971, “Jẹun Kóo Kú” ti wọ gbogbo ilé tó ní chénjà. Àwo yẹn dé oko. Ọmọdé tí ò gbọ́ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan mọ̀ ọ́n kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

James Brown fúnra rẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní ìparí 1970, Bootsy Collins tí ò tíì pé ogún ọdún ló ń ta báàsì fún un. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo Fẹlá lálẹ́. Tony Allen, onílù Fẹlá, sọ lẹ́yìn náà pé David Matthews tó ń to orin fún James Brown ń wo ẹsẹ̀ òun àti ọwọ́ òun, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí àwọn èèyàn a máa rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni orin náà gbà, láti Amẹ́ríkà wá síbí. Ọ̀nà méjì ni.

Ẹ̀rí tó tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ wà. Ní 1974, Orlando kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Hugh Masekela, olórin South Africa, ó sì dé ọ̀dọ̀ Lamont Dozier, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tó sọ iléeṣẹ́ Motown di ńlá. Ní 1977, Dozier gbé “Going Back to My Roots” jáde, orin nípa ẹni tó ń padà sí orísun rẹ̀. Orlando ò yé sọ pé òun lọ́wọ́ nínú kíkọ orin náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ Odyssey tún un kọ ní 1981, ó gun òkè dé ipò kẹrin ní Ìlú Ọba, wọ́n sì jó o ní gbogbo ilé dísíkò láti London dé New York. Ẹni tó bá tẹ́tí sí ìparí orin náà á gbọ́ ègbè Yorùbá níbẹ̀. Iye àwọn tó mọ̀ pé ọmọ Ìkọ̀lé tó ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì n'Íbàdàn lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ò tó nǹkan.

Lóko, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ijó ń pọ̀. Wọ́n á ti ta kòkó, Kérésì á ti dé, ìgbéyàwó àti ìkómọ á sì máa gun ara wọn. Wọn a fi ọparun àti màrìwò pa àtíbàbà, wọn a fi omi wọ́n ilẹ̀ kí eruku má baà gbérí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o á háyà jẹnẹrétọ̀ àti báfù ńlá méjì láti ìgboro, bọ́lẹkájà ló máa kó wọn wá pẹ̀lú ọmọkùnrin tó ń yí àwo. Wọn a so báfù kan mọ́ igi kí abúlé kejì lè gbọ́ pé òde wà. Iná gáàsì ló máa ń tàn láàárín agbo, nítorí wọ́n fẹ́ kí gbogbo agbára jẹnẹrétọ̀ wà fún orin.

Aṣọ náà ń kọ́? Sòkòtò bóńgò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ń gbálẹ̀. Bàtà gàráńtì, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà oko gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Irun a rí rẹ́ńkẹ́rẹ́ńkẹ́ lórí tọkùnrin tobìnrin, ìyarun onírin a sì gún sínú rẹ̀. Àwọn télọ̀ abúlé kọ́ bóńgò rírán lára àwòrán ẹ̀yìn àwo. Wọ́n á tẹ́ pali àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n á máa wò ó bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ.

Àgbà ò gbà á tán. Àwọn bàbá ń ráhùn pé èwo ni ijó tí ọkùnrin ń yasẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya sí méjì, èwo sì ni orin tí kì í yin ẹnikẹ́ni tí kì í sì í dárúkọ oríkì. Bí wọ́n bá lóde, orin Ayínlá Ọmọwúrà tàbí ti Túndé Nightingale ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n lò. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Lójú ẹni tó dàgbà sí ìdí ìlù, ọ̀rọ̀ ni ìlù ń sọ, èyí tí ò bá sọ̀rọ̀ ariwo ni. Kò sì sí bàbá tó fẹ́ kí ọmọbìnrin òun wà lábẹ́ àtíbàbà títí di aago méjì òru. Àwọn ọmọbìnrin ló forí fá èyí jù. Ọ̀pọ̀ wọn mọ orin náà lórí, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àfi bí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin bá tẹ̀lé wọn, tàbí tí ìyá wọn bá wà nídìí ọbẹ̀ níbi ìnáwó náà, ni wọ́n lè dé agbo.

Èyí jẹ́ kí orúkọ Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu tóbi lójú àwọn ọmọbìnrin ìgbà náà. Jos ni wọ́n bí àwọn ìbejì yìí sí ní 1948, ẹbí Fẹlá sì ni wọ́n. Láàárín 1976 sí 1979, wọ́n gbé àwo mẹ́rin jáde fún iléeṣẹ́ Afrodisia: “Danger”, “Mother Africa”, “Sunshine” àti “Horizon Unlimited”. Biddy Wright ló bá wọn to orin, ó ń ta gìtá, ó ń tẹ ọ́gáànù. Ohùn méjèèjì a máa rìn pọ̀ tó fi jẹ́ pé etí ò lè yà wọ́n, ọ̀rọ̀ ìyà tó ń jẹ mẹ̀kúnnù sì ni wọ́n ń fi orin ijó sọ. Ó tó nǹkan kí ọmọbìnrin abúlé rí obìnrin méjì lára pali àwo, tí wọ́n dúró láìsí ọkùnrin kankan níwájú wọn.

Ìbàdàn tún ní Túnjí Oyèlànà, òṣèré tó bá Wọlé Ṣóyínká ṣiṣẹ́ nínú Orísun Theatre tó sì kọ́ni ní yunifásítì. Ẹgbẹ́ rẹ̀, The Benders, fi ìtàn àti orin ìbílẹ̀ sínú gìtá àti báàsì tó ń gbóná. Orin tirẹ̀ ni àgbà àti èwe lè jókòó gbọ́ pọ̀ láìjà, nítorí Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀, ẹsẹ̀ ò sì lè dúró jẹ́ẹ́ sí i. Òun àti Ṣóyínká ló jọ ṣe àwo “Unlimited Liability Company” ní 1983, tó fi òṣèlú ìgbà Shagari ṣe àwàdà kíkorò.

Dísíkò dé nígbà tí bóńgò ti ń gbó. “Saturday Night Fever” jáde ní sinimá ní ìparí 1977, Boney M. àti Donna Summer sì ti wà lórí rédíò. Ìlù dísíkò rọrùn ju ti fọ́ǹkì lọ: dùm, dùm, dùm, dùm, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Fún ìdí èyí, ẹni tí ò lè tẹ̀lé Tony Allen lè jó dísíkò. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Keje 1979, àwọn kan kó àwo dísíkò jọ sí pápá ìṣeré kan ní Chicago, wọ́n fi àdó olóró fọ́ wọn, wọ́n ní orin náà ti sú àwọn. Lọ́dún kan náà, Orlando gbé “Disco Hi-Life” jáde, Shina Williams sì gbé “African Dances” jáde, nínú èyí tí “Agbójú Lógún” wà, orin tó ń bá ọmọ tó gbẹ́kẹ̀ lé ogún wí lórí ìlù tí ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó.

Orúkọ Phonodisk ló wà lára àwo Shina Williams, iléeṣẹ́ tí Háruná Ìṣọ̀lá dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bàbá alápàlà ti lo owó àpàlà ra ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tuntun, ó sì gba àwọn ọmọ dísíkò láyè níbẹ̀. Àwọn bàbá tó ń lérí lóko pé orin àwọn ọmọ yìí máa pa orin ilẹ̀ wa ò mọ̀ pé ọ̀gá àpàlà fúnra rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ọdún 1979 yẹn tún mú ìyípadà mìíràn wá sóko. Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ọ̀yọ́, ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sì sọ ilé-ìwé girama di ọ̀fẹ́. Láàárín ọdún méjì, ilé-ìwé girama wà níbi tí ò sí rí, ní àyíká Mọ́níyà, Ìyánà Ọ̀fà, Ẹrúnmu àti Àkànrán. Kíláàsì ò tó, bẹ́ǹṣì ò tó, àwọn mìíràn ń kàwé lábẹ́ igi. Síbẹ̀, gbogbo ilé-ìwé ló ní sóṣà ní ìparí táàmù. Wọ́n á to bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tíṣà kan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ á sì jó títí di aago mẹ́wàá. Kris Okotie tó kọ “I Need Someone” ní 1980, ọmọ yunifásítì ni. Dizzy K. Falola tó kọ “Baby Kílódé”, ọ̀dọ́ ni òun náà, ó ń fi Yorùbá há Gẹ̀ẹ́sì láàárín gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀. “Ṣeun Rere” ti Christy Essien, ọmọ ilẹ̀ Ìbíbíò tó fi Yorùbá tó já gaara kọrin, jáde ní 1981, àní àwọn tíṣà tí kì í jó náà a máa mi orí sí i.

Ìran àwọn ọmọ sóṣà yìí yàtọ̀ sí ti àwọn tó jó lábẹ́ iná gáàsì. Káṣẹ́ẹ̀tì ni tiwọn. Wọ́n ń gba orin sílẹ̀ lórí rédíò, wọ́n ń yá ara wọn, wọ́n sì ń fi bírò yí téèpù padà bó bá jáde. Kò sí iyàn nínú pé wọ́n gbọ́ orin ju ẹ̀gbọ́n wọn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mọ ẹni tó ta báàsì, nítorí pali àwo kọ ọ́ síbẹ̀.

Orin ilẹ̀ wa náà ò jókòó lásán. King Sunny Adé fi gìtá tó pọ̀ àti ẹ̀rọ tuntun sínú jùjú, iléeṣẹ́ Island gbé “Juju Music” rẹ̀ jáde ní 1982, “Synchro System” sì tẹ̀lé e ní 1983. Wasiu Ayinde, ọ̀dọ́ onífújì nígbà náà, pe àwo rẹ̀ kan ní “Talazo Disco 85”. Onífújì tí ò ní gìtá, tí ò ní fèrè, àfi ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ló sọ orin rẹ̀ ní dísíkò, àwọn ará oko sì gbà á bẹ́ẹ̀. Lójú wọn, ohun tó bá ti lè gbé ẹsẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, dísíkò ni.

Owó ló pa orin àwo yìí. Ní oṣù Kẹrin 1982, ìjọba Shagari gbé òfin ìṣúnnáwó jáde, ohun tó ń wọlé láti òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Àwọn ológun gba ìjọba ní ìparí 1983, wọ́n sì pààrọ̀ owó náírà ní 1984, èyí tó kó ìdààmú bá àwọn tó ń fi owó pamọ́ sílé, tí àgbẹ̀ pọ̀ nínú wọn. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, náírà sì já wálẹ̀. Èròjà tí wọ́n fi ń tẹ àwo, òkèèrè ló ti ń wá. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá dín iṣẹ́ kù, àwọn mìíràn yí orúkọ padà, títí tí àwo títẹ̀ fi kásẹ̀ nílẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ò lè sanwó fún ẹgbẹ́ olórin ẹni méjìlá mọ́. Àwọn tó ń da káṣẹ́ẹ̀tì olórin kọ láìgbàṣẹ gba ọjà, òfin àṣẹ-oníǹkan tí ìjọba ṣe ní 1988 ò sì tètè ká wọn lọ́wọ́ kò. Lóko, ẹni tí chénjà rẹ̀ bàjẹ́ ò rí abẹ́rẹ́ rẹ̀ rà mọ́. Wọ́n gbé e sórí àjà, wọ́n kó àwo tì í.

Orí àjà yẹn ni àwọn ará òkèèrè wá bá wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti bí ọdún 2000, àwọn tó ń wá àwo láti Ìlú Ọba, Jámánì àti Amẹ́ríkà ń lọ káàkiri Èkó, Ìbàdàn àti Benin, wọ́n ń ra àwo àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti gbàgbé wọn. Àkójọ “Nigeria 70” jáde ní 2001, “Nigeria Disco Funk Special” ti iléeṣẹ́ Soundway sì jáde ní 2008. Uchenna Ikonne, ọmọ Nàìjíríà tó fi sùúrù ńlá kó ìtàn yìí jọ, gbé “Brand New Wayo” jáde ní 2011. Inú ẹni tó fẹ́ràn orin yìí á dùn pé ó là. Ó sì tún máa dùn ún pé àwo tí tíṣà Udoji rà ní náírà mélòó kan, tó kúrò lórí àjà rẹ̀ ní owó tí ò tó nǹkan, ń lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn ní London, nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ta báàsì tó sì lùlù nínú rẹ̀ ò rí kọ́bọ̀ gbà nínú ẹ̀.

Orlando padà wálé ní 1998. Ní 2014, nígbà tó ti kọjá àádọ́rin ọdún, ó bá ẹgbẹ́ The Heliocentrics ti London ṣe “Jaiyede Afro”, ó sì tún gbé fèrè rẹ̀ lọ sí orí ìtàgé Yúróòpù. Ó kú ní oṣù Kẹrin 2022. Kẹ́hìndé Lijadu ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní oṣù Kọkànlá 2019. Táíwò ò jẹ́ kí orin wọn kú. Ní 2024, wọ́n tún “Horizon Unlimited” tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, ní àwo gidi.

Ní ti ìtàn oko fúnra rẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn wà ní ìtòsí, BCOS, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà ní ìtòsí, Radio Nigeria wà ní ìtòsí. Ẹnì kan níbẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, kó gba ọ̀nà Mọ́níyà tàbí ọ̀nà Àkànrán, kó sì jókòó ti àwọn tó jó ijó yìí. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún lọ́dún tí Udoji jáde ti pé àádọ́rin báyìí. Bó bá fi sùúrù béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n á dárúkọ àwo tí wọ́n kọ́kọ́ rà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á ní Dùgbẹ̀, àti ẹni tó yá a lọ tí kò dá a padà.